Wákàtí kan péré ni mo fi ń ṣeré lálẹ́: ṣé kí n ra ẹ̀rọ géèmù tuntun ni, àbí kí n tún ti àtijọ́ ṣe?

Aṣeré_Alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, ṣùgbọ́n òní ni mo máa kọ́kọ́ béèrè nǹkan.

Èmi kì í ṣe ògbóǹtarìgì nínú géèmù. Wákàtí kan ni mo máa ń rí fi ṣeré, lẹ́yìn tí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bá ti sùn. Bọ́ọ̀lù ni mo máa ń gbá jù. Mo máa ń sá eré ọkọ̀ díẹ̀, mo sì fẹ́ràn Stardew Valley gan-an, géèmù oko yẹn. Lópin ọ̀sẹ̀, èmi àti ọmọ mi máa ń jókòó ṣeré pọ̀.

Ẹ̀rọ mi wà lára àwọn tó jáde ní 2013. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí mi ò wá ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́. Nǹkan mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá tan án, á ní òun fẹ́ fa update wálẹ̀. Bó bá parí ìyẹn, géèmù á tún máa lóòdù. Lálẹ́ àná, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo tan án, aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ti lù kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù kúrò láàárín pápá. Èkejì, fáànù rẹ̀ ń pariwo débi pé ẹ̀rù ń bà mí pé á jí ọmọ. Ẹ̀kẹta, ọ̀pá ìdarí apá òsì lára páàdì mi ti ń rìn fúnra rẹ̀. Mo gbé páàdì sórí tábìlì, mo gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀ pátápátá, àgbẹ̀ mi sì ń rọra rìn lọ sápá òsì títí ó fi kan ọgbà. Kò dúró o, ibi ọgbà yẹn ló wà tó ń gbẹ́sẹ̀ lójú kan.

Àbúrò kan níbi iṣẹ́ ní kí n ra kọ̀ǹpútà alágbára. Ẹlòmíràn ní ẹ̀rọ alágbèéká ni kí n rà. Owó tí mo ti tù jọ kò pọ̀, mi ò sì fẹ́ ná an sódì. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà ni o! Lórí ẹ̀rọ géèmù, ẹ máa sanwó oṣooṣù kí ẹ tó lè bá ẹlòmíràn gbá bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí irú owó bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ra géèmù lórí Steam, ilé ìtajà géèmù kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò wù yín, wọ́n á dá owó yín padà, bí kò bá tíì ju ọjọ́ 14 lọ tí ẹ rà á, tí ẹ kò sì tíì ṣe é tó wákàtí méjì. Ẹ wá èyí tó ní káàdì àwòrán gidi, RAM (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) 16GB àti SSD (ibi ìpamọ́ tí kò ní ohun tó ń yí nínú) 1TB. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣeré náà lẹ máa fi ṣiṣẹ́, tí ọmọ á sì fi kàwé.

Atúnẹ̀rọṣe

Aṣeré_Alẹ́, ẹ fara balẹ̀ ná. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe ni mò ń ṣe, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wá ni pé, kí ló ń ṣe é gan-an? Àìsàn mẹ́ta lẹ kà sílẹ̀, kò sì sí èyí tó bá èkejì tan nínú wọn. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ tuntun láìmọ ohun tó ń ṣe ti àtijọ́, méjì nínú wọn lè bá yín dé ìdí tuntun náà.

Ká mú ariwo fáànù. Eruku ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Eruku á dì mọ́ àárín àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń gbé ooru jáde, atẹ́gùn ò ní ráyè kọjá mọ́, fáànù á wá máa sáré kíkankíkan kó lè rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Èyí tí mo ṣí lọ́sẹ̀ tó kọjá, eruku inú rẹ̀ ti hun pọ̀ bí aṣọ òtútù. Ìka méjì ni mo fi fà á jáde lódindi. Ohun kejì tó lè fà á ni thermal paste, ọ̀rá aláwọ̀ eérú tó wà láàárín chip àti irin tó ń fa ooru lára rẹ̀. Bó bá pẹ́, ó máa ń gbẹ, á sán bí amọ̀ tí oòrùn pa. A máa nu ti àtijọ́ kúrò, a ó sì kán tuntun tí kò ju ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ síbẹ̀. Ìkìlọ̀ kan o: bí ẹ bá ń fi atẹ́gùn fẹ́ eruku, ẹ fi nǹkan di fáànù mú kó má yí. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa yí pẹ̀lú ipá atẹ́gùn yẹn, ẹ lè ba ìdí rẹ̀ jẹ́.

Ní ti lóòdù, hard disk tó ń yí ló wà nínú àwọn ẹ̀rọ 2013 wọ̀nyẹn. Bó bá jẹ́ PS4 (PlayStation 4) ni, ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra wọn fàyè gba oníǹkan láti pààrọ̀ rẹ̀. Oníwọ̀n 2.5 inch ni, SSD onírú SATA á wọ ibẹ̀ wẹ́kú. Bó bá jẹ́ Xbox One, inú rẹ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè so SSD mọ́ ọn láti ìta, níbi ihò USB 3.0. PS4 náà ti ń gba ti ìta láti 2017. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ibi tí ẹ bá géèmù yín dé kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ update kò fi bẹ́ẹ̀ kan hard disk. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan: ṣé ẹ máa ń pa ẹ̀rọ yín pátápátá lálẹ́?

Ti ọ̀pá ìdarí, màá padà wá sórí ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Mi ò bá ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn lọ, kì í sì í ṣe pé mi ò gbìyànjú ẹ̀ wò. Mo ra láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ní ó lágbára fún géèmù. Kí n tó lè ṣeré, Windows á ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe, káàdì àwòrán á ní òun náà fẹ́ nǹkan tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn, màá wọ inú Settings, màá máa yí òjìji inú àwòrán sókè, màá yí i sísàlẹ̀, ojú mi á wà lára nọ́ńbà fps, iye àwòrán tó ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó ń fò ní igun òkè. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo wo aago, mo ti lo ogójì ìṣẹ́jú, ẹni tí mò ń darí kò tíì kúrò ní ẹnu ọ̀nà ilé tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo bú sẹ́kún díẹ̀, àárẹ̀ ọjọ́ yẹn náà wà lára ẹ̀. Mo tà á.

Nintendo Switch ni mò ń lò báyìí. Mo máa ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ kan, ó sùn. Lọ́jọ́ kejì, màá jí i, á ní kí n tẹ bọ́tìnnì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì ti wà níbi tí mo dúró sí. Ẹni tó ń ṣe Stardew Valley á mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Géèmù yẹn kì í fi iṣẹ́ rẹ pamọ́ àyàfi tí o bá lọ sórí ibùsùn sùn, ọjọ́ kan nínú ẹ̀ sì tó bí ìṣẹ́jú 14. Bí ọmọ bá jí tó ń ké nígbà tí o bá wà ní ọ̀sán ọjọ́ náà, tí o bá pa ẹ̀rọ, gbogbo ohun tí o gbìn láàárọ̀ ti lọ. Bó o bá ní ẹ̀rọ tó lè sùn, kò sí wàhálà.

Mi ò ní pa irọ́ fún yín pé ó lágbára. Ẹ̀rọ 2017 ni, 720p (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó) ni ojú ẹ̀ ń gbé jáde lọ́wọ́. Switch 2 tó jáde ní 2025 ti kúrò níbẹ̀, 1080p lojú tiẹ̀, ó sì ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù ti àtijọ́.

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà

Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń sùn wà: Steam Deck, tó jáde ní 2022. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó sùn, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó jí, bíi ti Switch. Gbogbo géèmù tí ẹ bá ti rà lórí Steam ló máa wà nínú ìwé àkójọ géèmù yín níbẹ̀. Stardew Valley ń sáré lórí ẹ̀ bí omi.

Bọ́ọ̀lù_Ni_Tèmi

Ó wà nínú ìwé ẹni, lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló máa ṣiṣẹ́. Steam Deck ń lo SteamOS, tí wọ́n gbé lé orí Linux, kì í ṣe Windows. Ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn arẹ́nijẹ nínú àwọn géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan kì í gbà pẹ̀lú Linux. Fortnite kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. EA Sports FC 24 àti 25 náà kì í ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní bọ́ọ̀lù lòun ń gbá jù nìyí o! Ó yẹ ká sọ fún un kó tó yọwó.

Mo tún fẹ́ ṣàtúnṣe sí ọ̀rọ̀ owó oṣooṣù tí Ọmọ_Kọ̀ǹpútà sọ. Géèmù tí a rà ni wọ́n ń gba owó yẹn lé lórí. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ látilẹ̀wá, ẹ lè bá ayé ṣe é láìsan kọ́bọ̀ lórí PlayStation, bákan náà lórí Xbox láti 2021. eFootball ti di ọ̀fẹ́ láti 2021, Rocket League láti 2020.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè nǹkan tí kò sẹ́ni tó bi yín: báwo ni tẹlifíṣọ̀n yín ṣe rí? Odidi ọdún kan ni mo fi ń rò pé ọjọ́ ogbó ti dé bá ìka mi. Màá tẹ bọ́tìnnì kí n gbá bọ́ọ̀lù fún ẹnìkejì mi, ẹni tó ń ṣọ́ mi á ti gbà á lẹ́sẹ̀ mi kó tó kúrò. Mo ti ra páàdì méjì torí ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ni! Tẹlifíṣọ̀n òde òní máa ń kọ́kọ́ ṣe àwòrán lẹ́ṣọ̀ọ́ kó tó gbé e sójú yín, á fọ̀ ọ́, á fi àwòrán tirẹ̀ kún àárín kí ìrìn lè dán. Àkókò ni gbogbo ìyẹn ń jẹ. Ẹ wá ohun tó ń jẹ́ Game Mode nínú ètò àwòrán rẹ̀, ẹ tan án. Ọjọ́ tí mo tan tèmi, mo gbá bọ́ọ̀lù mẹ́rin sáwọ̀n, mo dìde dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ibi tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ nìkan ló máa ń wà nígbà míì, bíi HDMI 1, nítorí náà ẹ jẹ́ kí géèmù wà lójú kí ẹ tó lọ wá a.

Ẹ má sì lo agbọ́rọ̀sétí Bluetooth bí ẹ bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ dé. Ẹ lo onívaya, tàbí èyí tó ní ẹ̀rọ pẹnpẹ tirẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ ihò USB.

Aṣeré_Alẹ́

Ẹ ṣeun, mo ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

@Atúnẹ̀rọṣe, bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń pa á pátápátá. Kódà mo máa ń yọ ọ́ nínú iná. Iná pupa kékeré iwájú ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa, mo sì rò pé bó ṣe yẹ kéèyàn tọ́jú ẹ̀rọ nìyẹn.

Atúnẹ̀rọṣe

Ibẹ̀ ni wàhálà àkọ́kọ́ yín wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n yọ nínú iná kò lè fa nǹkan kan wálẹ̀ lóru. Gbogbo update tó yẹ kó gbà nígbà tí ẹ bá ń sùn, ó ń dúró de ìgbà tí ẹ bá jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó wá ń jẹ nínú wákàtí kan tí ẹ ní.

Lórí PS4, Rest Mode ni wọ́n ń pè é. Lórí Xbox One, Instant-on ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, Sleep ni báyìí. Ẹ wọ inú Settings, níbi ọ̀rọ̀ iná, kí ẹ fún un láyè láti máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá ń sinmi, kí ó sì máa fa update wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Lórí PS4, àyè kan tún wà tí ẹ máa mú kí géèmù tí ẹ ń ṣe dúró dè yín síbi tí ẹ fi í sí. Ohun tí Ìyá_Ìbejì sọ nípa Switch yẹn, ẹ̀rọ yín náà lè ṣe é, bí kò tilẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi téèpù dúdú bo iná pupa náà.

Ibi tó ti léwu ni pé bí iná bá lọ nígbà tó ń sinmi, ohun tí ẹ kò tíì fi pamọ́ ti lọ nìyẹn, ẹ̀rọ á sì máa yẹ hard disk ẹ̀ wò bí ẹ bá tan án padà. Bí iná yín kì í bá dúró, ẹ jẹ́ kó fa update, ṣùgbọ́n ẹ pa géèmù kí ẹ tó mú un sùn.

Ẹlẹ́rọ_Kékeré

Ẹ ṣáà fi SSD sí i, ẹ̀gbọ́n. Èmi fi sí tèmi, gbogbo géèmù ló di 60fps. Fún ọ̀pá ìdarí, ẹ fín WD-40 sí ìdí ẹ̀, ẹ yí i káàkiri, ó parí.

Atúnẹ̀rọṣe

Àbúrò, má bínú, méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀, ẹnìkan sì lè ba páàdì ẹ̀ jẹ́ torí ọ̀rọ̀ yìí.

SSD máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tètè rí ohun tó ń wá ka, nítorí náà lóòdù á kúrú, àwòrán tó máa ń pẹ́ kó tó mọ́ lójú á tètè mọ́. Chip àwòrán àti processor ló ń pinnu iye àwòrán tó máa jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Géèmù tí wọ́n ti dè mọ́ 30fps, 30 náà ló máa wà. Ní 30, àwòrán kan máa ń wà lójú fún nǹkan bí ìdá 33 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ní 60, ó dín sí bí 17. Ìyàtọ̀ yẹn ṣeé fọwọ́ bà nínú eré ọkọ̀ àti bọ́ọ̀lù. Nínú géèmù oko, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rò pé o rí ni pé géèmù kan tó ń dúró gìrì láti wá nǹkan nínú hard disk kò dúró mọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣí ọ̀pá ìdarí wò. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ páàdì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń fara nu ojú ọ̀nà dúdú kékeré kan tí wọ́n fi kábọ́nù ṣe, ọ̀kan fún òsì òun ọ̀tún, ọ̀kan fún òkè òun ìsàlẹ̀. Ibi tí irin náà bá dúró sí ni páàdì fi ń mọ ibi tí ẹ tì í sí. Bí ẹ ṣe ń tì í lójoojúmọ́, kábọ́nù ń jẹ, bí àtẹ̀gùn ilé tí àárín rẹ̀ ti jìn. Bó bá ti jẹ ní àárín gan-an, páàdì kò mọ àárín mọ́, á máa rò pé ẹ ń tì í. Eruku náà lè wọ ibẹ̀ kó ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé fífọ̀ máa ń wo àwọn kan sàn, tí kò sì ní ran àwọn mìíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ lo ọtí isopropyl tó lé ní 90%, tàbí ohun tí wọ́n dìídì ṣe fún fífọ ojú iná ẹ̀rọ. Ẹ yọ bátìrì ná, ẹ kán an díẹ̀, ẹ yí ọ̀pá náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. WD-40 tí wọ́n ń tà káàkiri máa ń fi epo sílẹ̀, epo á wá máa kó eruku jọ, oṣù méjì òní á burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ kan náà ní oríṣi mìíràn tí wọ́n ṣe fún ojú iná ẹ̀rọ, ìyẹn kò léwu, ṣùgbọ́n àwọ̀ agolo jọra. Ẹ ka ara ẹ̀.

Kí ẹ tó ṣí i, ẹ wo inú ètò géèmù yín bóyá ó ní deadzone. Ìyẹn ni ìwọ̀n tí ọ̀pá gbọ́dọ̀ kúrò láàárín kí géèmù tó gbà pé ẹ tì í. Ẹ sún un sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹni inú géèmù fi dúró jẹ́ẹ́.

Ẹlẹ́rọ_Kékeré

Mo gbà, ẹ ṣeun. Agolo yẹn ṣì wà nílé, màá lọ wo ara ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé páàdì onímágínẹ́ẹ̀tì, Hall effect, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé?

Atúnẹ̀rọṣe

Mágínẹ́ẹ̀tì ló ń rìn nínú ìyẹn, ohun tó ń mọ̀ ọ́n lára kò sì fara kàn án, nítorí náà kò sí ohun tó ń jẹ. Kì í tilẹ̀ ṣe nǹkan tuntun, páàdì Sega Dreamcast ti 1998 ti lò ó. “Láéláé” ni mi ò ní gbà. Sípíríǹgì tó ń dá ọ̀pá padà sí àárín ṣì lè rẹ̀, páàdì sì lè ṣìnà bí wọn kò bá wọ̀n ọ́n dáadáa níbi tí wọ́n ti ṣe é. Àmọ́ ó pẹ́ ju ti kábọ́nù lọ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ ra á, kó yẹ̀ ẹ́ wò pé ó bá ẹ̀rọ òun mu, torí púpọ̀ nínú wọn kọ̀ǹpútà àti Switch ni wọ́n ṣe é fún.

Bàbá_Díìsìkì

Díìsìkì mélòó lẹ ní nílé, ọ̀rẹ́ mi? Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣíwájú bí ẹ bá pàpà ra tuntun. PS5 ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn géèmù PS4, Xbox Series X náà ń gba díìsìkì Xbox One. Ṣùgbọ́n Series S kò ní ihò díìsìkì rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni PS5 tí wọ́n ń pè ní Digital Edition. Mo rí ẹni tó gbé irú rẹ̀ délé tán kó tó wá máa yí i po, tó ń wá ibi tó máa ki díìsìkì bọ̀. PS5 tó kéré sára, tó jáde ní ìparí 2023, ṣeé ra ohun tí ń ka díìsìkì rẹ̀ lọ́tọ̀ lẹ́yìn, ẹ kàn máa nílò íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí ẹ bá so ó mọ́ ọn.

Páàdì PS4 lè ṣe géèmù PS4 lórí PS5, kò lè ṣe ti PS5. Ẹ fi èyí náà sọ́kàn bí ẹ bá fẹ́ náwó lórí páàdì lónìí.

Díìsìkì ni tèmi títí di òní. Mo lè yá ẹ̀gbọ́n mi, ó lè yá mi padà. Èyí tí mo bá ṣe tán, mo tà á.

Olùkọ́_Ọmọdé

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó bójú wo ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Aṣeré_Alẹ́, ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ yín lè wọ inú oko yín nínú Stardew Valley? Láti ìgbà tí update 1.5 ti dé orí ẹ̀rọ géèmù ní 2021, ẹni méjì lè pín ojú tẹlifíṣọ̀n kan náà. Ẹ kàn máa kọ́ ilé kékeré kan fún un lọ́dọ̀ Robin, káfíńtà ìlú yẹn. Owó kan ò tún ní jáde lápò yín, ẹ ti ní géèmù náà.

Bí ẹ bá fẹ́ òmíràn, Overcooked dára, ẹ ó jọ máa dáná nínú yàrá ìdáná kan náà, ariwo á pọ̀ o. Àwọn èèyàn máa sọ fún yín pé kí ẹ ra It Takes Two, tó jáde ní 2021, torí ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Géèmù tó dára púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìtàn bàbá àti ìyá tó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ ni, tí ọmọbìnrin wọn sì gbọ́. Ibì kan tún wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ìkà sí nǹkan ìṣeré ọmọ náà tó ń bẹ̀bẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kọ̀ láti tẹ̀síwájú, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ti ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Celeste, ti 2018, le gan-an, ṣùgbọ́n ó ní Assist Mode. Ẹ lè dín ìyára géèmù kù, ẹ lè jẹ́ kí ọmọ má lè kú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí ibi tí wọ́n ti ń rajà lórí ẹ̀rọ yín lónìí, kí ẹ má dúró dọ̀la. Nílé tiwa, ìgbà mẹ́fà ni wọ́n fa owó lórí káàdì mi ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, fún àpótí tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi ṣí i. Ọmọ tó rà á kò mọ̀ pé owó gidi ni, owó aláwọ̀ mèremère inú géèmù ló rí. Bẹ́ljíọ̀mù ti ka irú àpótí bẹ́ẹ̀ sí tẹ́tẹ́ láti 2018. Mo gbà pé ohun tó jẹ́ nìyẹn.

Aṣeré_Alẹ́

Ọjọ́ mẹ́wàá rèé, mo padà wá jábọ̀.

Ẹ̀rọ ti ń sùn lóru báyìí, téèpù dúdú wà lójú iná pupa ẹ̀. Lálẹ́ àná, mo jókòó ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjì, nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo rí Game Mode ní abẹ́ ètò àwòrán, HDMI kejì nìkan ló wà lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù ń kúrò lẹ́sẹ̀ nígbà tí mo bá ní kó kúrò.

Mo ra ohun ìtú sùkúrù olórí ìràwọ̀, mo ṣí i. Eruku yẹn kọjá sísọ. Mi ò fọwọ́ kan thermal paste, ọkàn mi kò gbé e. Ariwo ti dín kù gan-an, ó ṣì máa ń ké díẹ̀ bí eré ọkọ̀ bá ti pẹ́.

Ọmọ mi ti ní ilé nínú oko mi. Mo rò pé á gbin nǹkan. Ìgbà tó yá, mo wo apá tirẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ti lo gbogbo òkúta tí mo kó jọ láti fi la ọ̀nà láti ẹnu ilé tirẹ̀ dé ẹnu ilé tèmi. Mo kàn jókòó tì í, mi ò sọ nǹkan kan.

Ọ̀pá ìdarí ni kò tíì yanjú. Mo fi ọtí isopropyl fọ̀ ọ́, ọjọ́ mẹ́ta ló fi dára, ó tún bẹ̀rẹ̀. Páàdì ọmọ mi ni mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́.

Atúnẹ̀rọṣe

Inú mi dùn gan-an. Bó bá fi lè padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kábọ́nù ti jẹ, fífọ̀ kò ní ràn án mọ́. Odidi ọ̀pá náà la máa yọ, nǹkan bí ojú mẹ́rìnlá la sì gbọ́dọ̀ yọ́ òjé kúrò lára wọn kó tó lè jáde. Bí ẹ kò bá tíì jó irin ẹ̀rọ pọ̀ rí, ẹ má fi páàdì yìí kọ́ṣẹ́. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, tàbí kí ẹ ra páàdì mìíràn.

Ọmọ_Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá máa ra páàdì, ẹ ra èyí tó lè bá kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́. Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Aṣeré_Alẹ́

Mo gbọ́, àbúrò. Páàdì nìkan ni mo máa rà báyìí, owó yòókù á ṣì wà níbi tó wà. Ọmọ mi ní búlúù ni kí n rà, pé kó má ṣe pọ̀ mọ́ tòun.